Ọba Tó Kú Lẹ́ẹ̀mejì

Kò sí ẹ̀dá kan tí Àǹtí Bọ́tìnnì kórìíra tó ọmọ ọba inú ìwé yẹn. Ó ti bá onílé jà rí, ó ti bá awakọ̀ jà rí, ó sì ti bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yan odì fún ọdún kan àti oṣù méjì, ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò tó ìkórìíra tó ní sí ọmọbìnrin yìí. Ọmọ ọba náà a máa mí kanlẹ̀ ṣáá. A jí láàárọ̀, a mí kanlẹ̀. A wo ojú fèrèsé, a mí kanlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ ẹṣin létí rẹ̀, a dákú. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin bàbá rẹ̀ ló ń fẹ́. Ọkùnrin náà ń fẹ́ ẹ, gbogbo ààfin ló mọ̀, àwọn ẹṣin pàápàá mọ̀. Ojú ìwé tó wà nínú ìwé náà jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì. Wọ́n ti kọjá igba, àwọn méjèèjì kò tíì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, Àǹtí Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ló ń kà á sókè, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Bàbá tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ló dá ìwé kíkà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òfófó máa ń dá iṣẹ́ dúró, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òfófó dáadáa á gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á na ọrùn. Ṣùgbọ́n etí nìkan ni ìwé ń fẹ́, ó ń fi ọwọ́ sílẹ̀ fún aṣọ. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí rédíò kò sì sí, ẹnì kan á máa kàwé, àwọn yòókù á máa ránṣọ. Òfin rẹ̀ kò le: ẹni tó bá ń kàwé kò gbọdọ̀ mú abẹ́rẹ́, àwọn tó ń gbọ́ ni yóò pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bàbá náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí, obìnrin gíga kan tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, tó ń gé aṣọ bí ẹni tí aṣọ ṣẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, abẹ́ àga Àǹtí Bọ́tìnnì ló máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ọ̀gá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí Àǹtí má bá a wí bí kò bá jẹun.

Ihò bọ́tìnnì ló fún Àǹtí lórúkọ. Wọn kì í fi máṣíìnì ṣe ihò kóòtù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni, ọwọ́ Àǹtí sì ni ọwọ́ tí wọ́n ń wí. Ẹ̀yìn ihò tó bá rán dán bí iwájú rẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa ṣí kóòtù wọn kí wọ́n lè fi inú rẹ̀ han ọ̀rẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni àwọn ìka yẹn ti ń le. Láàárọ̀, wọn kì í ká. Àtàńpàkò ọ̀tún ti wú, ó sì ń ta á. Abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, á díbọ́n pé òun ń wá bọ́tìnnì tó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á, bó ṣe rí nìyẹn. Òun nìkan ló ń gbé nínú yàrá kan. Bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí bá hàn síta, àbúrò rẹ̀ á ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kó wá jókòó kó sinmi, bí ẹni pé ìsinmi jẹ́ iṣẹ́. Àǹtí kò fẹ́ sinmi. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé, àwọn ìka rẹ̀ sì ni wọ́n ń bá a san án.

Ẹ ò wá rí i pé nígbà tí ilé ìtura ńlá kan gbé iṣẹ́ wá, ogójì kóòtù fún àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ihò mẹ́jọ mẹ́jọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Ọ̀ọ́dúnrún ihò ó lé ogún. Kò sùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá fọwọ́ lérán, ó ní, "Àǹtí, rédíò ti bàjẹ́ o. Ṣé ẹ ò ní bá wa kàwé báyìí?" Àǹtí ní òun á gbìyànjú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní láti lọ fọjú.

Ìwé kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Oníbàárà kan ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí kò sì padà wá gbà á. Nígbà tí Àǹtí dé ojú ìwé kẹta, ó mọ ìdí.

Ì bá ti sọ ọ́ sí ààtàn láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n bó bá pa ìwé dé, abẹ́rẹ́ ló kàn. Ọmọ ọba tó ń mí kanlẹ̀ yìí ló ń bò ó láṣìírí. Nítorí náà ó ń kà á. Ó ka orí kan tó jẹ́ kìkì ìran bàbá ọba, ta ló bí ta ni. Ó ka orí kan tó jẹ́ kìkì aṣọ fèrèsé ààfin, àwọ̀ rẹ̀, ìṣẹ́po rẹ̀, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ẹ. Òun tó ti ń ránṣọ láti kékeré kò mọ̀ pé aṣọ lè sú èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú ẹṣin yìí kan náà, ọmọ ọba ìlú kejì tó sọnù ni, ẹni tó bá lójú ti mọ̀ láti ojú ìwé karùn-ún, àfi ọmọbìnrin náà nìkan ni kò mọ̀. Ìgbà míì Àǹtí á fẹ́ fi ọwọ́ gbá a létí láti inú ìwé.

Ohun tó sì wá dè é mọ́lẹ̀ ni pé àwọn yòókù fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń gbọ́. Ọ̀gá ń gé aṣọ lórí tábìlì ńlá. Baba Áyọ́ọ̀nù, tó ń lọ aṣọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, bó bá sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kẹta ni Ìyàwó, ìyẹn ìyàwó àbúrò Àǹtí. Ó ti bímọ mẹ́ta, àkọ́bí rẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n lójú Àǹtí, àná òde yìí ni wọ́n gbé e wọlé. Máṣíìnì ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ihò bọ́tìnnì bọ́ sí. Ó gbé àga rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ó ń rán an níbẹ̀. Àǹtí kò lọ wo ihò náà rí, kò sì béèrè. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá lọ wò ó, Ìyàwó á ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi hàn," kí ni òun yóò wá fi hàn án?

Gbogbo wọn ló ń dáhùn sí ìwé náà bí ẹni tí ìtàn wọ̀ lára. Bí ọmọ ọba bá mí kanlẹ̀, Ìyàwó á ní, "Ó mà ṣe o." Bó bá dákú, Ọ̀gá á ní, "Ìfẹ́ ò gbọ́n." Lọ́jọ́ kan, Àǹtí fi ọgbọ́n dán wọn wò.

"Ìwé yìí ò ì tíì sú yín?" ló bi wọ́n.

"Sú wa kẹ̀?" Ọ̀gá ní. "Ẹ kà á lọ, Àǹtí. Ibi tó ti dùn la wà yẹn."

Aṣọ fèrèsé ni ibi tí wọ́n wà.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá ọmọ ọba kú. Ojú ìwé mẹ́fà ló fi kú. Ó tọrọ omi, wọ́n fún un. Ó pe ọmọ rẹ̀, ọmọ dákú. Ó súre, ó sì lọ. Ìyàwó ní ó mà ṣe o. Baba Áyọ́ọ̀nù ní kí Ọlọ́run tu àwọn tó kù nínú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú, Àǹtí ti dé ojú ìwé igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó fi píìnì ṣàmì sí i bó ti máa ń ṣe, ó sì lọ sílé.

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e yìí, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀. Baba Áyọ́ọ̀nù ń lọ sòkòtò kan, ó nílò píìnì kan láti fi di ìṣẹ́po rẹ̀ mú, èyí tó sún mọ́ ọn jù ni tinú ìwé. Ó yọ ọ́, ó lò ó. Nígbà tó parí, ó dá a padà sínú ìwé bí olóòótọ́ èèyàn. Ojú ìwé wo ló ti yọ ọ́? Ìyẹn ò kàn án. Lójú ẹni tó ń lọ aṣọ, ìwé ò yàtọ̀ sí tìmùtìmù tí wọ́n ń gún píìnì sí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àǹtí ṣí ìwé síbi tí píìnì wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó ka ojú ìwé kan, ó ka ìkejì. Ọkàn rẹ̀ ò tilẹ̀ sí níbẹ̀, ẹran tó fẹ́ rà lọ́nà ilé ló ń rò. Ìgbà tí ọba tọrọ omi ni ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta gìrì. Ṣé ọba yìí ò ti kú ni? Ó ti kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òun gan-an ló pa á, pẹ̀lú ẹnu ara òun.

Ó dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Sísọ́ọ̀sì Ọ̀gá ń lọ. Áyọ́ọ̀nù ń lọ. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan, ó kà á títí ọba fi súre tó sì lọ.

"Ó mà ṣe o," ni Ìyàwó wí.

"Kí Ọlọ́run tu àwọn tó kù nínú," ni Baba Áyọ́ọ̀nù wí.

Àǹtí wo ẹ̀yìn orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn ìwé kíkà sílẹ̀.

"Ọmọ ọba sì dìde," ló wí, "ó wọ bàlúù, ó lọ sọ́jà."

"Ìfẹ́ ò gbọ́n," Ọ̀gá dáhùn, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà.

"Nígbà tó dé, ebi ń pa á. Ó gbé ẹṣin náà mì."

"Ó mà ṣe o."

"Tòun ti gàárì."

Baba Áyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó ronú. Àǹtí rò pé wọ́n ti gbá òun mú. "Gàárì máa ń wọ́n gan-an," ni bàbá náà wí, ó sì tẹ áyọ́ọ̀nù padà sórí aṣọ.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Àǹtí, ó fi ìwé bojú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Bí wọn ò bá gbọ́ ìwé yìí, kí ni wọ́n ń fi òun jókòó ṣe? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀nà ọ̀fun òun ti ń gbẹ. Ta ni yóò máa sọ pé ibi tó ti dùn la wà, nígbà tí kò mọ̀ bóyá ọba wà láàyè? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju òje lọ.

Lọ́sàn-án, àwọn yòókù jáde sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù láti jẹun. Àǹtí ní ebi ò pa òun. Bí wọ́n ṣe jáde, ó dìde, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó kóòtù tó parí kọ́ sí, ó ṣí i. Kóòtù mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Ó fa ọ̀kan jáde sínú ìmọ́lẹ̀, ó wo ihò rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́, ihò náà burú. Ó ká jọ bí ẹnu ẹni tó fi ọsàn kíkan sẹ́nu. Èyí gùn, èyí kúrú. Òwú dì pọ̀ níbì kan, ó tú níbòmíràn. Ó wo kóòtù kejì, ó wo ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ Ajé ni ẹni tó ń bójú tó ilé ìtura náà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Níbi tó ti ń fa ẹ̀kẹrin, nǹkan kan bọ́ lulẹ̀ láti ẹ̀yìn àwọn kóòtù náà. Rédíò ni. Wọ́n fi aṣọ inú kóòtù wé e bí ọmọ tuntun. Àǹtí tú u, ó ki okùn rẹ̀ bọ iná, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí pariwo bọ́ọ̀lù.

Ó gbé e bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lápá, ó fa okùn náà gùn dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ rédíò kí wọ́n tó rí i. Búrẹ́dì dúró lẹ́nu Ọ̀gá.

"Ara ẹ̀ ti yá," ni Baba Áyọ́ọ̀nù wí.

"Ọba kú lẹ́ẹ̀mejì nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́sẹ̀ yìí," Àǹtí wí. "Ta ló mọ̀ nínú yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Baba Áyọ́ọ̀nù ló fèsì. "Mo rò pé àbúrò ẹ̀ ló kú lẹ́ẹ̀kejì."

"Ẹṣin tí wọ́n gbé mì ńkọ́?"

"Ìwé àtijọ́ ni. Èèyàn ò lè mọ̀."

"Ọ̀gá, láti ìgbà wo lẹ ò ti gbọ́ ìwé yìí mọ́?"

Ọ̀gá gbé búrẹ́dì mì. "Láti ọjọ́ kejì, Àǹtí. Ẹ má bínú."

"Èmi gbìyànjú dé ibi aṣọ fèrèsé," ni Ìyàwó wí, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Kí ló wá dé tí ẹ ní kí n máa kà á? Kí ló dé tí ẹ gbé rédíò tó ń sọ̀rọ̀ pamọ́?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí ká téèpù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka. Nígbà tó yá, Baba Áyọ́ọ̀nù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sòkòtò.

"Ẹ̀jẹ̀ ni," ló wí.

"Ẹ̀jẹ̀ wo?"

"Lára kóòtù tí ẹ rán gbẹ̀yìn, kí iṣẹ́ yìí tó dé. Mo yí i sódì láti lọ inú ẹ̀, mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ kán sábẹ́ ihò mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ ti ń gún yín, ẹ ò sì sọ. Mo fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"Ó sọ fún mi," ni Ọ̀gá wí.

"Ọ̀gá nìkan ni mo sọ fún."

"Ó sọ fún èmi náà," ni Ìyàwó wí.

Ojú ti Àǹtí. Ojú tì í gan-an, ó gba ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Gbogbo bọ́tìnnì tó ń díbọ́n wá nílẹ̀ yẹn, wọ́n ń wò ó. Gbogbo ọjọ́ tó ń fi ìwé bo ọwọ́, wọ́n ti rí ọwọ́ náà kó tó bò ó. Ó fẹ́ bínú, nítorí ìbínú rọrùn láti gbé ju ìtìjú lọ, ni ó bá na kóòtù tó wà lápá rẹ̀ jáde.

"Àwọn ihò yìí ńkọ́, Ìyàwó?"

Ìyàwó dìde dúró. "Ó burú, àbí?"

"Bí ilẹ̀kùn ilé ìtura yẹn bá rí i, á ti ara ẹ̀."

"Mo mọ̀, Àǹtí mi."

"O mọ̀, o sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ṣé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà pé láàárín èmi àti ìwọ? Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Ohùn Ìyàwó wálẹ̀. "Bí mo bá bi yín, ẹ máa ní kí n gbé abẹ́rẹ́ wá kẹ́ ẹ fi hàn mí. Abẹ́rẹ́ á wá bọ́ lọ́wọ́ yín lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ jẹ́. Mi ò lè ṣe ìyẹn fún yín."

Ìbínú tí Àǹtí ń wá kò rí ibi dúró sí mọ́. Ohun tí òun náà bẹ̀rù nìyẹn, kò dín, kò lé. Ìyàwó kò béèrè nítorí Àǹtí, Àǹtí kò wò nítorí ìbéèrè Ìyàwó, àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó gún régé, ọmọ ọba ń mí kanlẹ̀ láàárín wọn, kóòtù sì ń bàjẹ́ lọ. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀wọ̀ kì í ba iṣẹ́ jẹ́, kó wá wo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

"Mi ò ka ìwé yẹn mọ́," Àǹtí wí.

Kò sí ẹni tó ní kó kà á lọ. Ó gbé rédíò sórí àga, ó sì sọ èyí tó kù, nítorí pé èyí tó kù ló wà nínú èyí tó ti sọ.

"Ọwọ́ mi ò lè rán ihò bọ́tìnnì mọ́."

Kò tíì sọ ọ́ sókè rí, kódà nínú yàrá rẹ̀. Ó dúró kí nǹkan kan wó. Nǹkan kan ò wó. Ọkùnrin inú rédíò ń pariwo bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ n lọ kó ẹrù mi," ló wí.

"Ẹrù wo?" Ọ̀gá dìde. "Kẹ́ ẹ kó o lọ síbo?"

"Sílé."

"Ta ló máa wá sọ fún ìyàwó yín pé òwú la fi ń rán ihò, kì í ṣe okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́? Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀, Àǹtí. Mo lè gé aṣọ, mi ò lè rán ihò. Bàbá mi kọ́ mi títí, ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ—"

"Ẹ jẹ́ kí òwe yẹn sinmi," Àǹtí wí. "Tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó bí yín." Ó ti tún ń wo kóòtù náà, kò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ta ló tiẹ̀ sọ fún un pé kó gé ihò kó tó fi òwú yí etí ẹ̀ ká? Ẹ wo bó ṣe ń tú. Ó sì ń fà á. Ìyàwó, kí lò ń fà bí ẹni tó ń fa garawa nínú kànga?"

"Ọwọ́ máṣíìnì ni, Àǹtí mi. Ó máa ń yára."

"Ó ń yára lọ síbo?"

Ó ti yípadà, ó ń lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, kóòtù wà lápá rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé oúnjẹ sílẹ̀ wọ́n tẹ̀lé e. Ó ní kí wọ́n gbé àga Ìyàwó kúrò ní kọ̀rọ̀, ẹni tó ń rán ihò nínú òkùnkùn, kí ni yóò rí? Ó ní kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun lójú fèrèsé. Ó ní kí Baba Áyọ́ọ̀nù bá òun wá àkísà tó dára. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ sójú fèrèsé láìfi àmì sí i.

Ọ̀sán yẹn, ẹ bá Ìyàwó kẹ́dùn. Àǹtí jókòó tì í, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ. Kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ẹnu àti ojú nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì kò sì láàánú. "Fi òwú yí i ká. Gbé e sókè, má fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jẹ́ kí kókó ẹ̀ jókòó sí etí. Mo ní kó jókòó, mi ò ní kó dùbúlẹ̀. Dúró, mí. Rán an, mí. Tú u." Ìyàwó á tú u. "Èyí sàn. Èyí náà sàn. Èyí ńkọ́? O ti tún gbé garawa ẹ dé. Tú u." Bọ́ọ̀lù parí nínú rédíò, orin gba ibẹ̀. Ọ̀gá ń gé aṣọ, ó ń wo wọ́n lábẹ́ ojú. Ihò kẹfà lórí àkísà jọ ihò. Ìkẹsàn-án dára débi pé Baba Áyọ́ọ̀nù fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ wá wò ó, tó sì fi ìka nù ún.

"Tú u," Àǹtí wí. "Ẹ̀yìn ẹ̀ ò dán."

Nígbà tó di ìgbà kọkànlá, Ìyàwó gbé aṣọ lé itan. Ó wo ìka rẹ̀, ó wo fèrèsé níbi tí ìwé náà dùbúlẹ̀ sí.

"Àǹtí mi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ojú ìwé mélòó ló kù nínú ìwé yẹn?"

"Irínwó ó lé mẹ́sàn-án."

Ìyàwó tún wo ihò tó fẹ́ tú. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ bá wa kà á lọ."

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní láti di tábìlì mú. Baba Áyọ́ọ̀nù lo àǹfààní yẹn láti béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, pé ṣé olùtọ́jú ẹṣin yẹn kọ́ ni ọmọ ọba tó sọnù? Àǹtí ní òun ni. Bàbá náà ní ṣé Àǹtí ti ka ìparí ni? Àǹtí ní rárá, òun ò sì ní kà á títí ayé. Ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ló fa gbogbo omi náà, kò sì nù ún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ti ń rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni ọjọ́ ìkẹyìn òun lórí àga yìí. Wọ́n ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n sì ti ń fi etí jìyà nítorí rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde láti orí itan, pẹ̀lú àtàńpàkò tó wú, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì níbi tí oòrùn ti ń wọlé, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó wò ó. Ó fi ìka tí kò ká mọ́ tọ́ka sí ihò kọkànlá.

"Tú u," ló wí.